Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú ní Dammam

 Ọ̀rọ̀ tí a ní fún ìwé ọlọ́dọọdún wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ náhàwù tàbí sáráfù tí ẹ ti mọ̀ wá mọ́. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Bí ẹnu bá ya ẹnikẹ́ni pé irú àwa tí a ń na ọ̀pá sí pátákó láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, kí ó fi ara balẹ̀ kí ó kà á tán.

Lọ́dọọdún, bí a bá ti ṣe wòlímọ̀t tán, tí àwọn àlejò ti lọ, tí a ti kó àga tí a yá jọ, àwa ọmọ ilé-kéwú àtijọ́ tí a jọ kàwé ní Ìbàdàn máa ń jókòó ti ara wa. A kì í sọ̀rọ̀ owó, a kì í sì í sọ̀rọ̀ òṣèlú, nítorí méjèèjì ti tú àwùjọ wa ká rí. Ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ tán ni ti bọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà tí wọn kò tíì pé ogún ọdún bá àwọn ẹgbẹ́ wọn láti ilẹ̀ Soviet gbá ní ìlú Dammam, ní Saudi Arabia, ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 1989. Ọjọ́ Sátidé ni, nínú oṣù Rajab ọdún 1409. Gbogbo ayé ni ó ń pè é ní Iṣẹ́ Ìyanu Dammam. Orúkọ yìí gan-an ni ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé. Ìdíje àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ ni, ó sì ti ku orílẹ̀-èdè mẹ́jọ péré nínú rẹ̀. Ní ìpele yìí, ẹni tí wọ́n bá nà, ilé ló ń lọ, kò sí pé a ó tún padà wá lọ́la. A kò tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà. Nítorí pé Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ ni ìsinmi tiwa, ilé-kéwú ni Sátidé bá wa, ìwé wà lórí itan, ṣùgbọ́n etí wa wà lọ́dọ̀ télọ̀ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé-kéwú, nítorí òun ni ó ní rédíò. Ààfáà wa àgbà, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, mọ̀ pé ọkàn wa kò sí lórí ìwé. Wọn kò lé télọ̀, wọn kò sì ní kí ó pa rédíò rẹ̀. Wọ́n kàn ń tún ìlà kan náà kà lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gbóná lára wa ni pé ilẹ̀ Saudi ni wọ́n ti ń gbá a. Ní ojú ọmọdé tiwa, kò sí ìyàtọ̀ láàárín Dammam àti Mẹ́kà. Ọ̀kan nínú wa búra pé àwọn Rọ́ṣíà, tí ìjọba wọn kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò lè rí ẹsẹ̀ fi gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ náà. Ààfáà gbọ́, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ gbọ́ pé bọ́ọ̀lù ń kírun ni?" Wọ́n wá ṣàlàyé fún wa pé Dammam jìnnà sí Mẹ́kà àti Mọ̀dínà, pé ìlú etí òkun ni ní ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí epo rọ̀bì wà, àti pé àwọn tí àwọn lọ sí Hájì kò dé ibẹ̀ rí. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Rọ́ṣíà gbá ọ̀kan wọlé.

Wọ́n gbá èkejì. Bí ìdajì kejì ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbá ẹ̀kẹta, kí ó sì tó pé wákàtí kan, ó ti di mẹ́rin sí òdo. Kì í ṣe ọmọdé lásán ni àwọn tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa. Oleg Salenko tí ó wà nínú wọn ni ó gbá góòlù márùn-ún wọ ilé Cameroon nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ní ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 1994, kò sì tíì sí ẹlòmíràn tí ó ṣe irú rẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n wọ aṣọ tiwa náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Nduka Ugbade ni balógun wọn. Mutiu Adepoju, ọmọ Ìbàdàn, wà nínú ẹgbẹ́ náà, ìyẹn sì tó kí gbogbo ilé-kéwú wa máa sọ pé ọmọ àdúgbò wa ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ ilé bàbá rẹ̀. Olatunde Disu ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn.

Nígbà tí ó di mẹ́rin, télọ̀ padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń rán aṣọ lọ. Ọ̀kan nínú wa dìde, ó gbé wàláà rẹ̀ fi ti ògiri, ó ní òun ń lọ pọn omi fún ìyá òun. Ọ̀rẹ́ wa yìí ń ta aṣọ ní ọjà Gbági nísinsìnyí, ó sì ti ní ọmọ-ọmọ. Títí di òní, a kò jẹ́ kí ó gbàgbé omi yẹn.

Ní ìṣẹ́jú 61, Christopher Ohenhen gbá ọ̀kan wọlé. Kò sí ẹni tí ó hó. Ní ìṣẹ́jú 75, Ohenhen kan náà tún gbá ọ̀kan. Ẹ̀rọ télọ̀ dákẹ́. Ní ìṣẹ́jú 83, Samuel Elijah fi ẹ̀kẹta sí i, kí a sì tó jókòó padà, ní ìṣẹ́jú 84, Ugbade gbá ẹ̀kẹrin. Ọ̀mì! Nígbà tí a wo ẹ̀yìn, Ààfáà ti ti ìwé wọn pa. Wọ́n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un, ẹnikẹ́ni kò gbá nǹkan wọlé mọ́, wọ́n bá kà á sí pẹnáritì, Nàìjíríà gbá márùn-ún wọlé, Soviet gbá mẹ́ta. Ariwo tí ó sọ ní àdúgbò wa lọ́jọ́ náà, a kò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ títí di ọdún 1996, nígbà tí Kanu gbá bọ́ọ̀lù yẹn wọ ilé Brazil ní Amẹ́ríkà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé orí ìjà wa. Ọ̀rẹ́ wa tí ó lọ pọn omi kò gbà rí pé òun ṣe àṣìṣe. Ó ní ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í dúró wò ó bóyá òjò yóò rọ̀. Ó ní ẹgbẹ̀rún ìgbà ni ènìyàn lè rí mẹ́rin sí òdo ní ìdajì kejì, tí yóò sì rí i pé ẹni tí ó lọ pọn omi ni ó fi àsìkò rẹ̀ ṣe nǹkan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wa máa ń pariwo lé e lórí. Ní tiwa, a rò pé ó jàre ní ibi kan: kò sí ẹsẹ̀ ẹnì kan nínú àwa tí a dúró tí ó kan bọ́ọ̀lù. Kò yẹ kí a máa gbéra ga sí i bí ẹni pé àwa ni a gbá góòlù mẹ́rin náà.

Ibi tí a ti yapa sí i ni pé ó ní, nítorí pé irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀, ìyanu ni. Àwa kò fẹ́ràn orúkọ yìí rárá. Nínú ìwé tí wọ́n kọ́ wa, mújísà jẹ́ ti àwọn Ànábì, káráámà sì jẹ́ ti àwọn wòlíì. Ènìyàn kò kàn lè mú ọ̀kan nínú wọn kí ó fi lé àwọn ọmọdé tí wọ́n ń làágùn lórí pápá. Lóòótọ́, kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìsí àṣẹ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni góòlù mẹ́rin ti Soviet. Ẹ wo ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn dáadáa: 61, 75, 83, 84. Láàárín èkíní àti èkejì, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá yẹn, wọ́n ṣì fi góòlù mẹ́ta kéré, wọ́n sì ń sáré. Ẹnikẹ́ni kò kọ orin fún ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá yẹn. Ojú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù náà.

Bí ó bá jẹ́ ìyanu ni, kí ni a ó wá pe èyí tí ó tẹ̀lé e? Wọ́n borí Amẹ́ríkà pẹ̀lú góòlù méjì sí ọ̀kan, lẹ́yìn àsìkò àfikún, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ní ìlú Riyadh, Portugal nà wọ́n ní méjì sí òdo nínú àṣekágbá. Ẹsẹ̀ kan náà ni. Kí ni a ó sì pe ti ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1994, ní Foxboro lẹ́bàá ìlú Boston? Emmanuel Amunike ti gbá ọ̀kan wọ ilé Ítálì láti ìṣẹ́jú 25, rẹfirí ti lé Zola jáde, àwọn Ítálì ku mẹ́wàá, ó ku ìṣẹ́jú méjì péré, Roberto Baggio sì dá a padà. Ó tún fi pẹnáritì gbá èkejì ní àsìkò àfikún. Mutiu wà nínú ẹgbẹ́ ti ọdún náà pẹ̀lú. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ará Ítálì ni wọ́n ń pe ìyanu, àwa ni a sì ń wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi.

Ẹni tí ó bá ń ròyìn ọdún 1989 kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́ pẹ̀lú: ní ọdún kan náà ni FIFA dá Nàìjíríà dúró fún ọdún méjì, nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan tí a kọ fún ìdíje kan yàtọ̀ sí èyí tí a kọ fún òmíràn. Ẹjọ́ náà kì í ṣe ti Dammam, ṣùgbọ́n òun ni ó jẹ́ kí ìdíje ọ̀dọ́ ti ọdún 1991, tí ì bá wá sí ilẹ̀ wa, lọ sí Portugal. Àwọn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ ń sáré ní oòrùn, àwọn tí wọ́n ń fi gègé kọ ọjọ́ orí jókòó sí ọ́fíìsì.

Ìdí tí a fi ń bá orúkọ yìí jà kì í ṣe nítorí èdè Lárúbáwá nìkan. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ kan ní kíláàsì wa, tí ó ń ṣe Sànáwì lọ́dọ̀ wa, tí ó sì ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì, fìdí rẹmi nínú ìdánwò àbẹ́lé. Bàbá rẹ̀ wá owó jọ láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ibì kan ní ìlú òkèèrè, níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn WAEC sí pátákó fún àwọn ọmọ. Ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú ibẹ̀: mírákù sẹ́ńtà. Ọmọ náà kò fi pamọ́ fún wa. Ó ní, "Ààfáà, ẹ̀yin náà lẹ sọ ìtàn Dammam fún wa. Ṣé kì í ṣe ìyanu náà ni?"

A mú tẹ́ẹ́ṣì, a kọ ìṣẹ́jú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí pátákó. A ní kí ó sọ èyí tí wọ́n fi owó rà nínú wọn fún wa. Lẹ́yìn náà a lọ bá bàbá rẹ̀. Bàbá bi wá pé, "Ààfáà, bí kò bá yege ńkọ́?" A ní ó ṣeé ṣe kí ó má yege. Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kò dùn-ún sọ lójú ẹni tí ó ti kó owó jọ. Ṣùgbọ́n ó gbà. Oṣù mẹ́rin ni ó kù. Lẹ́yìn ìrun Iṣáì, àwa àti olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tí ó gbọ́ Ìṣirò máa ń jókòó tì í, bí iná bá lọ, a ó tan àtùpà. Nígbà tí èsì jáde, ó yege nínú iṣẹ́ mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìṣirò kò bọ́ sí i. Àwọn tí wọ́n lọ sí ibi tí a wí yẹn yege nínú gbogbo rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò bú wa, ṣùgbọ́n kì í dúró kí wa bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà ṣì ń bọ̀ lálaalẹ́, ó ń múra láti tún Ìṣirò ṣe.

A sọ èyí fún àwọn ẹgbẹ́ wa nígbà tí a jókòó kẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ wa ti Gbági dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bí Rọ́ṣíà bá ti gbá ìkarùn-ún wọlé ńkọ́? Ta ni ìbá máa ka ìṣẹ́jú?" A ní ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ náà máa sáré lọ, kí àwa má sì mọ̀, nítorí ó dà bí ẹni pé àwa náà ì bá ti tẹ̀lé e lọ sídìí omi. Ibẹ̀ ni ẹni tí ó máa ń pẹ̀gàn rẹ̀ jù lọ, tí ó ti ń fi omi náà bú u fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti wú ikọ́. Ó ní kí a má bínú o, òun náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó wà ní mẹ́rin sí òdo. Ó ní ìgbà tí ó di mẹ́rin sí méjì ni òun padà dé láti ìdí ẹni tí ń ta ẹ̀pà.