Dátà Ti Gba Gbogbo Ilé

Nílé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọ̀tọ̀ ni tẹlifíṣọ̀n, ọ̀tọ̀ ni fóònù, ọ̀tọ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì. Bí àwòrán bá ti ń ṣe wúruwùru, ẹ̀gbọ́n mi á jáde lọ yí òpó antẹ́nà, àwa tó wà nínú ilé á máa pariwo lójú fèrèsé: "Ó ti mọ́! Ó tún ti lọ!" Fóònù bàbá mi, káàdì ni wọ́n ń ha sí i. Íntánẹ́ẹ̀tì, kafé la ti ń rà á ní wákàtí-wákàtí. Bí ọ̀kan bá dákú, àwọn yòókù kò gbọ́.

Lónìí, inú fóònù kan ṣoṣo ni gbogbo wọn kó sí. Orí WhatsApp ni ìyá mi ti ń pè mí, torí ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i bóyá mò ń jẹun. Sinimá Yorùbá tí a ń ra CD rẹ̀ lọ́jà tẹ́lẹ̀, YouTube ni. Ìròyìn náà, ibẹ̀ ni.

Íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ ohùn yàtọ̀ sí àwòrán. Ṣe ló máa ń gé gbogbo rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, á kọ àdírẹ́sì sára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, fóònù tó bá gbà á á sì tún un tò. Ohùn ìyá mi àti bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń wò ní yàrá kejì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń tọ̀. (Ẹ ò rí i pé ọjọ́ bọ́ọ̀lù gan-an ni ìyá mi máa ń kólòlò!)

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wàhálà rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Láti Lọ́ńdọ̀nù kọ́ o, ní Ivory Coast ńbí. Báńkì dúró, fídíò dúró, iṣẹ́ àṣetiléwá dúró. Ìpè lásán tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ni mo fi bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ti owó tún wà níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC gbà pé kí àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Láyé antẹ́nà, owó fóònù ìbá wọ́n títí, a ó ṣì máa wo tẹlifíṣọ̀n wa. Ní báyìí, ẹni tí dátà rẹ̀ bá tán kò rí wò, kò rí kà, kò sì gbọ́ pé wọ́n ti yí àkókò ìdánwò padà. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi kan ní sáà tó kọjá: aago mẹ́wàá ló dé, aago mẹ́jọ ni wọ́n ti ṣe é. Orí gúrúùpù nìkan ni ìkéde náà wà.

Pátákó ìkéde wa ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin aṣojú kíláàsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lẹ bébà mọ́ ọn.