Ẹ Wá Wo Tèmi: Ọjọ́ Kan ní Ilé Tíì Àwọn Alálùpùpù ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ìrìn àjò bá gbé yín dé Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ sì ti rí ààfin ọba àti aago ńlá tí gbogbo àlejò máa ń lọ wò, ẹ jẹ́ kí n júwe ibòmíràn fún yín. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Bakerloo, ẹ jókòó títí yóò fi yọ láti abẹ́ ilẹ̀ sí gbangba, kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ ní Stonebridge Park. Ẹ má wulẹ̀ bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè tí oòrùn yọ, ẹ óò gbọ́ ìró kan lọ́ọ̀ọ́kán bí ìgbà tí òjò ńlá ń bọ̀ lórí páànù. Ẹ máa tẹ̀lé ìró náà.

Ilé funfun kan ni ẹ óò bá níbẹ̀. Kò ga, gíláàsì gbòòrò ni wọ́n fi ṣe iwájú rẹ̀, wọ́n sì kọ Ace Cafe sí i gàdàgbà. Ilé tíì lásán ni. Ṣùgbọ́n níwájú rẹ̀ ni alùpùpù tò lọ bẹẹrẹ, tuntun àti ògbólógbòó, pupa, dúdú, aláwọ̀ fàdákà, gbogbo wọn fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹṣin tí ó ń sinmi. Àwọn tí ó ni wọ́n ń rìn láàrin wọn nínú kóòtù aláwọ, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Wọn kì í fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn láìgbàṣẹ, èèwọ̀ ni. Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, wọn yóò mi orí, wọn yóò ní ó dára púpọ̀, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ dárúkọ tiwọn.

Kì í ṣe afẹ́ ni ó gbé mi débẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Àbúrò mi obìnrin tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 19, tí ó ti ń tọ́jú owó pamọ́ láti fi ra alùpùpù. Oorun kò kun ìyá rẹ̀ mọ́. Ó wí fún mi pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tiyín ló lè wọ̀ ọ́ létí.” Mo ní kò burú. Mo rò ó nínú ara mi pé bí mo bá mú ọmọ náà lọ sí ibi tí àwọn àgbà alálùpùpù ń péjọ sí, yóò rí ẹni tí ń tiro, yóò rí ẹni tí apá rẹ̀ kò nà mọ́, èmi kò sì ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ rárá. Ọgbọ́n tí mo gbọ́n nìyẹn. Ẹ óò rí ibi tí ó já sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn ilé náà. Ní ọdún 1938 ni wọ́n ṣí i fún àwọn awakọ̀ akẹ́rù tí ń gba ọ̀nà North Circular kọjá, tọ̀sán tòru ni ó sì máa ń wà ní ṣíṣí. Nígbà ogun Hitler, àdó olóró bà á jẹ́. Wọ́n tún un kọ́ ní 1949. Lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ pọ̀, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣì kọjá agbára wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn tó alùpùpù. Ilé tíì tí kì í tilẹ̀kùn lóru, tí ó sì wà létí ọ̀nà tí ó gbòòrò: kí ni ọ̀dọ́ tún ń wá?

Ohun tí wọ́n ń lé ni ibùsọ̀ 100 láàrin wákàtí kan. “Ton” ni wọ́n ń pè é, ẹni tí ó bá sì ti sá a ni a ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀. Títí di oṣù Kejìlá ọdún 1965, lórí àwọn ọ̀nà tí ó wà lẹ́yìn ìlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí òfin tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má sáré ju báyìí lọ. Kò sì sí òfin tí ó fi akoto dandan fún alálùpùpù títí di 1973. Wọ́n máa ń sọ ọ́ níbẹ̀ títí di òní pé ọmọ kan yóò sọ owó sínú ẹ̀rọ tí ń kọrin, yóò fò sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, yóò sá dé oríta kan, yóò sì padà kí àwo orin náà tó tán. Bóyá òtítọ́ ni, bóyá wọ́n fi iyọ̀ sí i. Èyí tí kò ní iyọ̀ nínú ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ jáde kúrò nílé tíì wọ̀nyẹn tí wọn kò padà sílé.

Ní 1959 ni wọ́n ṣí ọ̀nà ńlá M1, ọdún yẹn gan-an ni ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní Mini sì jáde. Àwọn akẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀ tí òjò kì í pa ènìyàn nínú rẹ̀. Ní 1969, Ace tilẹ̀kùn, wọ́n sì ń ta táyà níbẹ̀. Ní 1994, lẹ́yìn ọdún 25, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mark Wilsmore pe gbogbo àwọn àgbà alálùpùpù padà síbẹ̀ fún ìpàdé ọjọ́ kan. Ní 2001 wọ́n tún ilé náà ṣí pátápátá. Ọlọ́pàá ni Wilsmore tẹ́lẹ̀ rí. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fi tiwọn wé ti ara wọn, kí ẹ má baà dúró bí òpè láàrin wọn. Bí alùpùpù bá jẹ́ tuntun, ẹ má wo ọ̀dà rẹ̀, ẹ wo etí táyà. Bí àárín táyà bá ti jẹ tí etí rẹ̀ méjèèjì sì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rà á, ẹni tí ó ni í ń bẹ̀rù kọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ìwọ̀n ibi tí kò jẹ ni wọn yóò fi wọn ọkàn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ògbólógbòó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Epo máa ń kán láti inú wọn, àwọn tí ó ni wọ́n kì í sì í tijú rẹ̀. Ẹ tún tẹ́tí sí sàláńsà nígbà tí wọ́n bá ń tan iná sí i, nítorí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Mo rí Vincent Black Shadow kan níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1948, tí aago eré rẹ̀ ka ibùsọ̀ 150, tí ó sì tóbi bí àwo ọbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ sókè nítòsí rẹ̀. Mo rí Triumph Bonneville tí ó ní kábúrétọ̀ méjì, tí a fi sọrí ilẹ̀ oníyọ̀ kan ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń sáré ìdánwò. Mo rí BSA Gold Star. Ẹni tí ó ni í kò jẹ́ kí n kọjá àfi ìgbà tí ó sọ fún mi pé ní 1937 ni Wal Handley fi BSA sá ju ibùsọ̀ 100 lọ ní pápá Brooklands, tí wọ́n fi ìràwọ̀ wúrà kékeré kan dá a lọ́lá, tí ilé iṣẹ́ náà sì fi ìràwọ̀ náà sọ kẹ̀kẹ́ lórúkọ. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n fún. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ Jàpáànì àti ti Ítálì dúró sí ọwọ́ kejì, kẹ̀kẹ́ tiwọn yára ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn ògbólógbòó ni àwùjọ wà.

Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni a ti bá kékeré kan, aláwọ̀ ewé ràkọ̀ràkọ̀, tí kò sí ẹni tí ń wò ó. BSA Bantam ni. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹsẹ̀ mi kò ṣí kúrò níbẹ̀. Wolé-wolé ni bàbá wa ní agbègbè Ìṣẹ́yìn, irú kẹ̀kẹ́ yìí gan-an ni ó ń gùn wọ abúlé lọ, tí àwọn ìyá àgbà yóò gbọ́ ìró rẹ̀ tí wọn yóò sì sáré lọ da omi àmù wọn nù kí ó tó dé. Ọjọ́ Sátidé ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń fọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kan tí bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo gùn ún láìgbàṣẹ, sàláńsà sì jó mi ní ojúgun. Àpá náà wà lẹ́sẹ̀ mi títí di òní.

Ẹni tí ó ni í, tí inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan wo tirẹ̀, sọ fún mi pé àwòrán kẹ̀kẹ́ Jámánì kan, DKW, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà lẹ́yìn ogun tí wọ́n fi ṣe Bantam, àti pé àwọn ọmọ tí ń pín tẹligíráàmù ni wọ́n ń gùn ún kiri. Kí n má tàn yín, kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti ká ṣòkòtò mi sókè, mo ń fi ojúgun hàn án. Òun náà ká tirẹ̀. Àpá tirẹ̀ kéré sí tèmi, mo sì sọ ọ́ fún un.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọ àbúrò mi ń wò mí. Ó ní, “Ọ́ńkù, ẹ kò sọ fún mi rí pé Bàbá àgbà gun alùpùpù.” Kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n ti ta kẹ̀kẹ́ náà kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀.

A wọlé lọ mu tíì. (Ẹ bèèrè kí ẹ tó jẹun níbẹ̀, nítorí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ òwúrọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹyin àti ẹ̀wà lórí búrẹ́dì tó ènìyàn.) Bàbá kan tí ó ti lé ní ẹni 80 ọdún jókòó tì wá, ó ń wo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti ojú gíláàsì. Triton ni. Orúkọ méjì ni wọ́n so pọ̀: ẹ́ńjìnnì Triumph nínú egungun Norton. Nígbà yẹn, àwọn tí ń fi ọkọ̀ kékeré sáré ìje fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì Norton, ilé iṣẹ́ náà kì í sì í tà á lọ́tọ̀. Wọn a ra odindi kẹ̀kẹ́, wọn a yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọn a sì ta egungun tí ó kù. Egungun yìí kò lẹ́gbẹ́ nínú kọ̀rọ̀ ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì Triumph sì lágbára. Ọmọ tí ó bá ní sípánà àti sùúrù yóò fi méjèèjì ṣe ọ̀kan tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan.

Ọmọ wa bèèrè ibi tí ó ti rí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Bàbá náà kò dáhùn kíákíá. Ó ní ti ọ̀rẹ́ òun ni. Ní 1962 ni ọ̀rẹ́ náà ṣubú lóru níbi tí ọ̀nà ti yà, kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò ní nǹkan kan. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni ìyá ọmọ náà ránṣẹ́ pe òun, ó ní òun kò lè máa rí i lẹ́yìn ilé òun, òun kò sì lè sọ ọ́ nù, kí ó wá gbé e lọ. Ó gbé e lọ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọlanke. Ìyá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi yà ní ìkóríta. Ìgbà tí ó parí Triton náà, ó ní òun máa ń pa iná rẹ̀ kí òun tó dé àdúgbò obìnrin náà, òun a sì máa tì í lẹ́sẹ̀ kọjá, kí ó má baà gbọ́ ìró rẹ̀.

Ọmọ wa dákẹ́. Nígbà tí ó yá ó bèèrè pé, “Ṣé ó dé akoto?” Bàbá náà mi orí rẹ̀, ó ní ó fi sílẹ̀ sórí tábìlì, nítorí ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó fẹ́ kí ó rí irun òun.

Lójú ọ̀nà, òun àti èmi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àbúrò mi pè mí lórí fóònù ní alẹ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá a sọ̀rọ̀?” Mo sọ ìtàn ìyá tí ó gbé ẹ́ńjìnnì fún ọmọ ọlọ́mọ fún un, mo sì fi Bantam pamọ́. Ọmọ rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un ṣáájú mi. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, “Bàbá wa gun alùpùpù, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi?” Mo ní ó gùn ún fún ọdún mẹ́sàn-án, kò sì ṣubú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ewúrẹ́ ni ó sì fà á.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, ẹni ọdún 17 lè gun alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 125 lọ, bí ó bá ti gba ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní CBT, tí ó sì lẹ lẹ́tà L pupa mọ́ ọn. Ní ọdún 19 ó lè ṣe ìdánwò fún èyí tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n. Èyí tí kò ní òdiwọ̀n di ọdún 24, àfi ẹni tí ó bá ti ní ìwé àṣẹ ti àárín fún ọdún méjì. Ọmọ wa fẹ́ fo àkàsọ̀ kìíní tẹ́lẹ̀, kí ó lọ ṣe ìdánwò ti àárín tààrà. Kò fò ó mọ́. Kékeré 125 ni ó rà, àlòkù, aláwọ̀ ewé, ó sì ti yọ kábúrétọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì ìdáná ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àbúrò mi ni ó san owó akoto. Ó bá a lọ sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ó ní kí ó dé mẹ́fà wò níṣojú òun, kò sì jẹ́ kí wọ́n fi èyí tí ó wà ní ẹ̀dínwó hàn òun rárá.