ADÌẸ Ń LÀÁGÙN, ÌYẸ́ NI KÒ JẸ́ KÁ MỌ̀

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ládùúgbò wa ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa ìyá. Ẹnìkan ní ẹranko kì í jẹ̀rora ìrọbí, pé Éfà àtàwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin nìkan ni wọ́n fi ìyà yẹn jẹ. Ó ní, "Ẹ ti gbọ́ kí àgùntàn ké gbà-mí-gbà-mí rí?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò tán lọ́kàn mi.

Ìyá mi sin ewúrẹ́ àti àgùntàn nílé. Bí ọ̀kan bá fẹ́ bímọ, á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, á máa fẹsẹ̀ wa ilẹ̀, á dùbúlẹ̀, á tún dìde. Ewúrẹ́ a máa ké nígbà míì bí ọmọ bá ń jáde. Àgùntàn ní tirẹ̀ a dákẹ́ jẹ́ẹ́, á ká ètè, á sì máa payín keke. Àwọn oníṣègùn ẹranko mọ̀ pé àmì ìrora nìyẹn. Bí màlúù bá ń rọbí tí ọmọ há, wọ́n a máa gún un lábẹ́rẹ́ nídìí ìrù kí ara ibẹ̀ lè kú. Ta ló ń fún ẹni tí nǹkan ò dùn ní oògùn ìrora? Oxytocin, èròjà ara tó ń mú ilé-ọmọ tiwa fún pọ̀ nígbà ìrọbí, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ lára ajá, ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́.

Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ wọn kì í pariwo? Nínú igbó, ariwo ló ń pe ẹkùn àti ìkookò wá síbi tí ọmọ ń bọ́ sí. Ẹran tó bá pa á mọ́ra ló ń là. Bí a tilẹ̀ kó wọn sínú ọgbà tí kò séwu, ìwà yẹn kì í kúrò lára wọn.

Ní London Zoo, lọ́jọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, gorílà kan tó ń jẹ́ Mjukuu rọbí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 péré, ó sì bímọ. Lóòótọ́, tiwọn rọrùn ju tiwa lọ: orí ọmọ wọn kéré, ọ̀nà sì gbà á. Àwa tí à ń fẹsẹ̀ méjì rìn, tí ọmọ wa tún lórí ńlá, tiwa le. Ṣùgbọ́n pé ó yá kò sọ pé kò dun ìyá.

Ibi tó ti kàn wá nìyí. Wọ́n tọ́ àwa obìnrin Yorùbá pé ká mú un mọ́ra. Ẹni tí kò bá ké ni wọ́n ń yìn. Àbúrò mi dé ilé ìwòsàn kan nílùú yìí, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó di ọwọ́ àga mú. Wọ́n ní kò tíì tó àkókò, kó padà sílé. Kò pé wákàtí kan, ọmọ dé nínú mọ́tò! A dúpẹ́ pé a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ. Ìwádìí MBRRACE-UK sì fi hàn pé ewu kí ìyá aláwọ̀ dúdú kú nítorí oyún tàbí ìbímọ nílẹ̀ yìí ju ìlọ́po méjì ti òyìnbó lọ. Ìdákẹ́ nìkan kọ́ ló fà á, àmọ́ ìdákẹ́ ò ranni lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, bó bá ń dùn yín, ẹ fẹnu yín sọ fún agbẹ̀bí. Bí wọn ò bá gbọ́, ẹ tún un sọ. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ bá wọn sọ ọ́, ẹ má kàn jókòó síta máa gbàdúrà. Ẹkùn kan ò sí lẹ́nu ọ̀nà níbí.

Ọlọ́run á sọ gbogbo aláboyún wa kalẹ̀ láyọ̀. Àmín.