Èèpo Ẹ̀gẹ́ Tí Mo Rí ní Ìjagun

Bí ẹ bá dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ má jẹ́ kí ìrìn yín pin sí ọjà. Ẹ gun ọ̀kadà dé Ìjagun, níbi tí Yunifásítì Tai Solarin wà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ló dá a sílẹ̀ ní 2005 láti máa kọ́ àwọn olùkọ́. Ìjọba àpapọ̀ gbà á ní 2025.

Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ ọwọ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ Mayflower tí Solarin dá sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, bí ọmọ ti ń kàwé ló ń roko.

Lẹ́bàá ọ̀nà, mo bá ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń sá èèpo ẹ̀gẹ́ sóòrùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

Mo ní, “Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi ìdọ̀tí yìí ṣe?”

“Bàbá, àwọn ìyá tó ń ṣe gààrí ló ń dà á nù, tó ń rùn. Mo ń rà á lọ́wọ́ wọn. Bó bá gbẹ dáadáa, tí oró inú rẹ̀ rọlẹ̀, mo ń tà á fún àwọn tó ń sin ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n òjò ba àpò mẹ́ta jẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Owó oúnjẹ mi ló bá a lọ.”

Àwọn onímọ̀ àjọ ILRI ní Ìbàdàn ti fi hàn pé bí a bá rin èèpo náà, tí a sì fún omi rẹ̀ kúrò, kì í pẹ́ gbẹ bíi ti èyí tí a kàn sá lásán. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ni kò ní.

Mo bá a dé ibùdó gààrí. Ó bẹ àwọn ìyá náà. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìwọ lo gbà wá lọ́wọ́ òórùn èèpo. Máa wá nírọ̀lẹ́, bí a bá ti parí tiwa.”

Láti 2006 ni ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga kọ́ bí a ti ń dá iṣẹ́ sílẹ̀. Àṣẹ náà dára. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó bèèrè iye tí òun yóò jẹ lérè, kí ó kọ́kọ́ bèèrè pé: kí ló ń ni àwọn tó yí mi ká lára? Ẹni tó bá tu ará àdúgbò lára kì í wá olùrànlọ́wọ́ tì.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Mo fojú mi rí i ní Ìjagun.