Ọ̀nà Ọ̀fun ní Ìlú Kánò: Ìrìn-àjò Pẹ̀lú Ọmọ Tí Kì í Jẹ Àlìkámà, Tí Kì í Sì í Mu Mílíìkì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Wọ̀bìà ni wọ́n sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí kìlọ̀ fún, ṣùgbọ́n àwọn òbí kan wà láàrin wa tí wọ́n ń fi í ṣọ́ ọmọ lójoojúmọ́. Àwọn ni òbí tí dókítà ti sọ fún pé ọmọ wọn kò gbọdọ̀ fẹnu kan àlìkámà, kò sì gbọdọ̀ mu mílíìkì. Bí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ilé ara rẹ̀, ó mọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Bí ó bá di ọjọ́ ìrìn-àjò ńkọ́? Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ bá wa ká lọ sí Kánò, ìlú tí ọ̀pọ̀ ará wa ti fi ṣe ilé láti ìgbà tí ojú irin ti dé ibẹ̀ ní 1911, kí a jọ wo ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jẹ níbẹ̀ àti ohun tí ó yẹ kí ó yẹra fún.

Ohun tó ń ṣe ọmọ náà

Ọmọ wa obìnrin ti pé ọdún méje. Nígbà tí ó wà ní kékeré, ikùn rẹ̀ a máa wú, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a tẹ́ẹ́rẹ́, ìgbẹ́ gbuuru kò sì dá. Àwọn kan ní aràn ni, àwọn mìíràn ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti àyẹ̀wò ìfun ni ó fi hàn pé àìsàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní celiac ni. Èròjà kan wà nínú àlìkámà, nínú ọkà báálì àti nínú ọkà ráì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ gluten. Bí ẹni tó ní àìsàn yìí bá jẹ ẹ́, àwọn ọmọ ogun tí Ọlọ́hun fi sínú ara láti máa bá àrùn jà yóò kọjú ìjà sí ìfun onítọ̀hún fúnra rẹ̀. Ìfun tó ti gbọgbẹ́ kò sì lè fa agbára inú oúnjẹ sí ara mọ́.

Dókítà àwọn ọmọdé kan ní orílẹ̀-èdè Netherlands, Willem-Karel Dicke, ni ó kọ́kọ́ fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ó ti ń fura sí àlìkámà kí ogun àgbáyé kejì tó dé. Nígbà tí ìyàn mú níbẹ̀ ní 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì di ohun àwátì, àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí ń gbádùn sí i. Ó kó ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1950. Àwọn kan ń pè é ní àìsàn òyìnbó, bẹ́ẹ̀ sì kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ìwádìí tó jáde ní 1999 fi hàn pé láàrin àwọn ọmọ Saharawi, àwọn Mùsùlùmí aṣálẹ̀ tó wà ní ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Àlùjíríà, ó lé ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó ní in.

Ti mílíìkì yàtọ̀. Àwọn kan wà tí ara wọn kò lè da ṣúgà inú mílíìkì. Àwọn mìíràn wà tí ara wọn kórìíra èròjà amáradàgbà inú rẹ̀. Nínú ọmọ tiwa, ìfun tó gbọgbẹ́ ni kò lè da ṣúgà náà. Dókítà ní bí ọgbẹ́ náà bá jinná tán, ó ṣeé ṣe kí mílíìkì padà sẹ́nu rẹ̀. Títí di ìgbà náà, a kó méjèèjì tì.

Ìlú ọkà

Bí a bá jáde ní Kánò gba ọ̀nà Katsina, a ó dé ọjà Dawanau, ọ̀kan nínú àwọn ọjà ọkà tó tóbi jùlọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àpò gun orí àpò títí kan òrùlé: ọkà bàbà tí àwọn Hausa ń pè ní dawa, jéró tí wọ́n ń pè ní gero, àgbàdo, ìrẹsì, ẹ̀wà oríṣiríṣi, ẹ̀pà, yànmọ̀tí, ọ̀fìo, àti acha, ọkà wínníwínní tí wọ́n ń gbìn ní agbègbè Jọ́ọ̀sì. Kò sí gluten nínú ìkankan wọn. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ohun tí òun lè jẹ. Ìka tán, ọkà kò tán.

Àmọ́ àlìkámà náà wà níbẹ̀. Orúkọ tí a ń pè é gan-an, láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá. Àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ín ní Kura àti Kadawa lásìkò ọyẹ́, pẹ̀lú omi adágún Tiga tí wọ́n parí ní 1974. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó àlìkámà wọ̀lú láti 1987 títí di 1992, irú oko bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbójú lé. Nítorí náà, àlìkámà kì í ṣe àjèjì ní Kánò. Gurasa tí wọ́n ń yan nínú ààrò amọ̀, alkubus tí wọ́n ń fi ooru sè, fankasu tí wọ́n ń dín, tuwon alkama: àlìkámà ni gbogbo wọn.

Ewu mìíràn ni igbá ìwọ̀n. Igbá tí oníṣòwò fi wọn àlìkámà tán ni ó tún ń fi wọn ìrẹsì. Èyí tó lẹ̀ mọ́ igbá lè tó láti da inú irú ọmọ yìí rú. Igbá tiwa ni a mú lọ, a sì ní kí wọ́n tú àpò tuntun. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí gbogbo àdúgbò fi ń lọ nǹkan: bí wọ́n bá ti lọ àlìkámà níbẹ̀, jéró tó tẹ̀ lé e kò mọ́ fún un mọ́. Ilé ni a ti ń lọ tirẹ̀.

Orúkọ tó jọra, oúnjẹ tó yàtọ̀

Ẹni tó bá gbọ́ Hausa díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lè tètè dojú rú fún. Nílé wa, gàrí ni gàrí. Lẹ́nu Hausa, ohunkóhun tí a bá lọ kúnná ni gari. Garin kwaki ni gàrí tiwa. Garin alkama ni ìyẹ̀fun àlìkámà. Ẹni tó bá kàn béèrè gari lásán kò tíì béèrè nǹkan kan.

Wàrà tún ńkọ́? Mílíìkì màlúù ni àwọn Fúlàní fi ń ṣe wàrà tí a ń jẹ ní Ìlọrin. Ṣùgbọ́n awara tí àwọn obìnrin ń dín lẹ́bàá ọ̀nà ní Kánò, ẹ̀wà sóyà ni. Ọmọ tí kì í mu mílíìkì lè jẹ ẹ́, bí kò bá ṣáà ti jẹ́ pé òróró tí wọ́n fi dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ni wọ́n fi dín in.

Ohun tó wọ inú àwo

Tuwo ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ kuka, ìyẹn ewé igi oṣè tí a gún, ni ó di ààyò ọmọ náà. Ewé oṣè ní kálísíọ́mù tí ń mú egungun le, èyí tí ọmọ tí kò mu mílíìkì nílò gidigidi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewé zogale, tí wọ́n ń fi kúlíkúlí lílọ̀ pò, àti yànmọ̀tí, àti ẹja kéékèèké tí a ń jẹ teegunteegun. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: wọ́n sábà máa ń da man shanu, òrí àmọ́, sórí tuwo. Kí a sọ fún wọn kí wọ́n má dà á.

Fura, jéró lásán ni. Nono tí wọ́n ń pò ó mọ́ ni mílíìkì. Kunun aya, omi ọ̀fìo funfun tó dùn, ni a fi pò ó fún un. Ẹran balangu tí wọ́n yan lójú iná kò léwu. Ṣùgbọ́n dan wake, tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìyẹ̀fun ẹ̀wà, àwọn mìíràn a máa da fulawa mọ́ ọn. Masa pẹ̀lú ni. Ìrẹsì ni masa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ ìyá kan tó ń tà á fọwọ́ sọ̀yà fún wa pé kò sí fulawa níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, inú ti ń run ọmọ náà, ọjọ́ méjì gbáko ni ó sì fi wà lórí ibùsùn. Ọmọ tí ń bá a ta ọjà ni ó sọ lọ́jọ́ kejì pé wọ́n máa ń fi fulawa díẹ̀ kún un kí ìrẹsì lè pọ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí ń po nǹkan ni a ń bi, kì í ṣe ẹni tí ń gbowó nìkan. Gbólóhùn méjì ni ọmọ náà há sórí: “Akwai fulawa a ciki?” àti “Akwai madara a ciki?” Èyí ni pé, ṣé fulawa wà nínú rẹ̀? Ṣé mílíìkì wà nínú rẹ̀? Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Àlejò àti onílé

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti nira jù kì í ṣe ọjà. Ilé àwọn ará wa ní Sabon Gari ni. Alhaja tó gbà wá lálejò ti ro sẹ́mó kalẹ̀ de ọmọ náà. Àlìkámà ni sẹ́mó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀. Nígbà tí ìyá ọmọ rọra gbé àwo náà sẹ́yìn, ojú Alhaja yí padà.

“Ṣé oúnjẹ mi ni ẹ kò fẹ́ kó jẹ ni?”

Ìyá ọmọ kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Oúnjẹ yín kò ní àbùkù. Ara rẹ̀ ni kò gbà á.” Ó sì ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Alhaja kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a bá ìkòkò tuntun kan nílé ìdáná, ó ti so òwú pupa mọ́ ọn létí. Ó ní, “Ti ọmọ mi nìyí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọmọrogùn sẹ́mó kàn án.” Àmàlà, ìyán, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ni ó ń sè nínú rẹ̀ títí a fi padà sílé. Lọ́jọ́ ìkómọ kan ní àdúgbò, wọ́n ń pín àkàrà òyìnbó fún àwọn ọmọdé. Ọmọ wa kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé mà, n kì í jẹ ẹ́,” ó sì ṣí abọ́ kúlíkúlí tirẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi tẹ́wọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ ìyànjú

Bí ẹ bá fura pé irú àìsàn yìí ń ṣe ọmọ yín, ẹ má ṣe gba àlìkámà lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò, nítorí bí kò bá jẹ ẹ́ mọ́, àyẹ̀wò lè má fi àìsàn náà hàn. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ máa ka ara páálí: wheat, barley àti malt tọ́ka sí gluten, whey, casein àti skimmed milk tọ́ka sí mílíìkì. Ẹ ka ti èròjà amọ́bẹ̀dùn pẹ̀lú. Búrẹ́dì, nudù, sùpàgẹ́tì àti kúsúkúsù, àlìkámà ni wọ́n. Bí ẹ bá ń rìnrìn-àjò, ẹ di gàrí, kúlíkúlí àti èso dání, kí ebi má baà fi ipá mú ọmọ jẹ ohun tí ó rí. Kí ẹ sì sọ fún onílé kí ẹ tó gbéra, kì í ṣe nígbà tí oúnjẹ ti dé iwájú.

Ohun tí a rí ní Kánò ni pé ilẹ̀ wa kò ṣẹ́ oúnjẹ kù fún irú ọmọ yìí. Èyí tí àwọn baba wa ń jẹ, tí àwọn aládùúgbò wa ní Òkè-Ọya náà ń jẹ, pọ̀ tó láti tọ́ ọ dàgbà. Ìbéèrè ló kù, àti onílé tí kò ní ka ìbéèrè sí àfojúdi. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní àlàáfíà, kí Ó sì jẹ́ kí oúnjẹ wọn máa ṣe ara wọn lóore. Àmín.