Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ajá kí ó má baà tọ̀ sínú ilé

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ajá tí ó ń tọ̀ sínú ilé lè da àárín ará ilé rú.

Láyé àwọn bàbá wa, ta ni ó ń kọ́ ajá ní irú ẹ̀kọ́ yìí? Agbo ilé tóbi, ilẹ̀ erùpẹ̀ ni, ajá ń sùn níta, igbó sì wà lẹ́yìnkùlé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á gbálẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, ní Pọ́bẹ̀ àti ní Ṣakẹ́tẹ́, ọ̀pọ̀ wa ń gbé yàrá tí a háyà. Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ rẹ̀. Ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń lo àgbàlá kan ṣoṣo. Ohun tí ajá yín bá ṣe sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lè tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó jí.

Olè jí ewúrẹ́ wa kó, ni àbúrò ìyá mi ní Ṣakẹ́tẹ́ bá fún mi ní ọmọ ajá kan. Ó ti pé oṣù méjì, ó sì ti já lẹ́nu ọmú. Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, mo gun alùpùpù, ó di Pọ́bẹ̀. A sọ ọ́ ní Tanímọ̀la.

Ìyá àgbàlagbà kan wà nínú àgbàlá wa, mùsùlùmí ni wọ́n. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú yàrá wọn ni wọ́n ti ń kírun. Ìyá yìí ni ó ń mójú tó àwọn ọmọ wa ní alẹ́ tí mo bá lọ kọ́ àwọn àgbà ní ìwé. Wọn kò bá mi jà. Wọ́n kàn pè mí, wọ́n ní, “Olùkọ́, bí ajá yìí bá tọ̀ sí ibi ìkírun mi, yóò padà sí Ṣakẹ́tẹ́.” Mo ní, “Mo gbọ́, Ìyá.” Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ajá nìkan mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Tanímọ̀la tọ̀ sí abẹ́ àga. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní, “Fi imú rẹ̀ nu ìtọ̀ náà, kí o sì nà án.” Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n n kò ṣe é. Bí ẹ bá na ọmọ ajá nítorí ohun tí ó ti ṣe tán, kò mọ ìdí tí ẹ fi nà án. Ẹ̀rù yín ni yóò máa bà á. Yóò lọ máa tọ̀ sẹ́yìn àpótí, níbi tí ẹ kò ti ní rí i. Mo ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé tipẹ́. Ẹni tí ẹ bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí lẹ́tà kan, lọ́la kò ní wá sí kíláàsì.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ṣe é. Ajá kì í fẹ́ ṣe ìgbẹ́ sí ibi tí ó ń sùn. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ ajá ti ń rìn kúrò níbi tí wọ́n ń sùn kí ó tó tọ̀. Nítorí náà, a fún un ní àpótí kékeré kan, tí kò tóbi ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ púpọ̀. Bí ó bá jí, a gbé e jáde. Bí ó bá jẹun tán, a gbé e jáde. Bí ó bá ṣeré tán, a gbé e jáde. Ní ọ̀sán, a kì í jẹ́ kí ó ju wákàtí méjì lọ. Ní òru, mo ń dìde lẹ́ẹ̀kan. Oorun dùn, àmọ́ mo ń dìde.

Ibì kan náà ni a ń gbé e lọ nígbà gbogbo, lábẹ́ ọ̀pẹ, níbi tí ó jìnnà sí kànga. Mo ju àkísà tí mo fi nu ìtọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, kí ó lè gbọ́ òórùn ara rẹ̀. A ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, “Jáde!” Bí ó bá ti tọ̀ tán, lójú ẹsẹ̀, a yìn ín, a fún un ní ẹja gbígbẹ bí èékánná.

Ọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan, Ivan Pavlov, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ikùn, rí i pé bí ajá bá ń gbọ́ ìró kan nígbà gbogbo kí oúnjẹ tó dé, itọ́ yóò máa dà lẹ́nu rẹ̀ bí ó bá ti gbọ́ ìró náà. Bẹ́ẹ̀ ni “Jáde!” ṣe di ohun tí Tanímọ̀la mọ̀.

Bí ó bá tọ̀ sínú ilé, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ dáadáa. Bí òórùn bá kù, yóò padà síbẹ̀. Ọmọbìnrin mi ń fi àmì sínú ìwé rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣẹlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, àmì 17. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, àmì 3.

Ní òru kan, òjò ńlá rọ̀. Oorun ti gbé mi lọ, nítorí alẹ́ ni mo ti kíláàsì dé. Tanímọ̀la dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ké. Ìyá ni ó dìde, ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Láàárọ̀ wọ́n sọ fún mi pé, “Ajá yín tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ mi.”

Ẹ máa bo ìgbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí aràn inú ajá lè wọ ara àwọn ọmọ tí ń rìn láìwọ bàtà. Bí ó bá pé oṣù mẹ́ta, ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi. Ẹ fúnra yín lè ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí káàdì rẹ̀ báyìí.

Ó ku ohun kan. Bí àlejò bá dé, inú Tanímọ̀la ń dùn débi pé ó ń tọ̀ díẹ̀ síbi tí ó dúró. Ẹ má bínú sí irú èyí. Ẹ má pariwo, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lé e lórí, ẹ jẹ́ kí àlejò kí i níta. Bí wọ́n bá ń dàgbà, ọ̀pọ̀ wọn ń fi í sílẹ̀. Ti wa ti ń dínkù.