Bí Ọta Bá Tàsé

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, Bíbélì pàápàá mọ àwọn atamátàsé. Nínú Àwọn Onídájọ́ orí 20, ẹsẹ 16, a kà nípa 700 ọkùnrin ọlọ́wọ́ òsì tí òkúta kànnàkànnà wọn kì í tàsé, kódà bó ṣe fọ́nrán irun ni wọ́n fojú sùn. Nílé ẹ̀kọ́ Bíbélì, wọ́n kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ Hébérù tó dúró fún “tàsé” níbẹ̀ náà ni wọ́n ń lò fún “dẹ́ṣẹ̀” níbòmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì níbí ní Choba, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ìjọ wa tó ń ka Fíṣíìsì ní Yunifásítì Port Harcourt yọ fóònù. Ó ní ẹ̀rọ ìṣirò kan wà nínú rẹ̀ tó lè sọ ibi tí ọta ìbọn máa bà ní 1,000 mítà. Bàbá kan, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, fóònù ò yìnbọn rí.”

Ọmọ náà ní, “Bàbá, ẹ má bínú sà, ìṣirò kì í parọ́.”

Bàbá ní, “Ìṣirò ò parọ́. Ohun tí ìwọ sọ fún un ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mo sì wádìí rẹ̀. ENIAC, ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ lágbàáyé, tí wọ́n ṣí sójú ayé ní 1946, torí ìṣirò ìbọn ńlá ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣe ní kí wọ́n ṣe é. Ìdí ni pé ọta kì í lọ tààrà. Ọta ìbọn sójà oní-7.62, tó ń jáde ní nǹkan bí 800 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, máa já wálẹ̀ ju mítà 10 lọ kó tó dé 1,000 mítà. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ ní kìlómítà 16 ní wákàtí lè tì í ju mítà 2 lọ. Ẹ̀tù tó gbóná ń ti ọta jáde kíákíá ju èyí tó tutù lọ. Afẹ́fẹ́ Port Harcourt wa nítòsí òkun sì wúwo ju ti Jos lórí òkè lọ.

Nítorí náà, ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í gba ẹ̀rọ gbọ́ lásán, kì í sì í jù ú nù. Á kọ́kọ́ tún ojú ìbọn rẹ̀ ṣe ní 100 mítà. Á wọn eré ọta, á wọn ooru, á wọn bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Lẹ́yìn náà ni á yìn ín ní ọ̀nà jíjìn, bíi 700 mítà, lẹ́ẹ̀marùn-ún sí mẹ́wàá, torí ọta kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí. Bí ọ̀tọ̀ ni ohun tí ẹ̀rọ sọ, tí ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọta bà, ihò ara bébà ló sọ òtítọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á kàn yí nọ́ńbà kan títí ìṣirò á fi bá ihò mu. Bó bá jẹ́ awò orí ìbọn ló wọ́, tí o wá lọ yí eré ọta, wàá bà á ní 700, wàá tún tàsé ní 400 àti 900. Àṣìṣe ṣì wà níbẹ̀, o kàn daṣọ bò ó ni.

Mo rántí èyí nígbà tí ìyá kan mú ọ̀ràn ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Ó ti ṣírò ó: ọdún mẹ́rin, ọmọ á jáde, á ríṣẹ́, á tọ́jú àwọn àbúrò. Ọdún kẹfà pé, ọmọ ṣì wà nílé ìwé. Ìyá ní ọ̀lẹ ni, òun ò sanwó mọ́. Ọmọ ní ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́ ló fà á. A jókòó. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ 2022, láti February títí di October, oṣù mẹ́jọ gbáko: atẹ́gùn nìyẹn, kì í ṣe ẹjọ́ ọmọ. Kọ́ọ̀sì mẹ́ta tó fìdí rẹmi nítorí pé ọjà ló ń tà dípò kó lọ sí kíláàsì, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ atẹ́gùn. Ìyá náà wá gbà pé owó tí òun ń fi ránṣẹ́ kì í tó ọmọ jẹun, òun ló gbé e dé ìdí ọjà títà. Ó ro àwọn méjèèjì lára. Ṣùgbọ́n ìyá sanwó, ọmọ sì ń tún kọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣe. Wọn ò tíì débẹ̀, àmọ́ wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ará, bí ayé rẹ kò bá bá ìṣirò rẹ mu, má yára dá Ọlọ́run lẹ́bi, má sì kó gbogbo ẹ̀bi lé ẹnì kan lórí. Bi ara rẹ pé: èwo ni atẹ́gùn, èwo ni ìbọn, èwo ni ọwọ́ tèmi? Fún atẹ́gùn, àdúrà àti sùúrù. Fún ohun tó wọ́, àtúnṣe. Fún ẹ̀ṣẹ̀, ìrònúpìwàdà, kì í ṣe àwáwí. Dáfídì bẹ Ọlọ́run nínú Orin Dáfídì 139 pé kó yẹ inú òun wò. Kí Olúwa yẹ tiwa náà wò, kó sì fún wa ní ọkàn láti gba ohun tó bá fi hàn wá. Àmín.